Okùn Àbùkù àti Rọ́bà Tó Gbé Iná

Ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ ń jáde níléèwé girama, tẹ́ ẹ ń wá iṣẹ́ tẹ́ ẹ máa fi ayé yín ṣe, àwọn àgbà ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní ìlú Bìní ló ní kí n bá yín sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí n sọ ọ́ ní ṣókí, kí n sì sọ ọ́ kó dùn. Ti ṣókí yẹn ò dá mi lójú. Ti dídùn ńkọ́? Ìyẹn wà lọ́wọ́ ẹni tó ń kà á.

Ìyá Fúnkẹ́ ni wọ́n ń pè mí láti Upper Sakponba títí dé Ekosodin. Ọmọ Ìkirè ni mí, ṣùgbọ́n ìlú Bìní ni mo ti fi ọwọ́ ara mi jẹun. Iṣẹ́ rọ́bà ni mo ṣe. Mo fi rọ́bà bẹ̀rẹ̀, mo sì fi rọ́bà parí. Nígbà tó fi máa parí, rọ́bà tí à ń ṣe nínú yàrá wa ń gbé iná mànàmáná bíi wáyà. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Rọ́bà ni mo wí, ó sì ń gbé iná. Wọ́n ti ilẹ̀kùn yàrá yẹn, àwọn kan sì ń sọ káàkiri pé àwa la kùnà. Irọ́ ni. Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn. Tí mo bá sọ ọ́ tán, kí kálukú lọ wá iṣẹ́ tó wù ú.

Ọkọ mi káfíńtà ló kó wa wá sí Bìní, kété lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún nígbà náà, mo ti bí Fúnkẹ́, mi ò sì fẹ́ jókòó sílé kí n máa ka àjà. Bí mo ṣe wọ ilé iṣẹ́ rọ́bà kan lẹ́yìn ìlú kò pẹ́ sọ. Wọ́n ń wá ẹni tó mọ̀wé kà, mo sì mọ̀wé kà. Owó tí wọ́n ń san, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ó tó ra ẹ̀kọ, kò tó ra ẹran sí i. Yàrá àyẹ̀wò ni wọ́n fi mí sí, lábẹ́ ọ̀gá kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bàbá Osagie.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ bàbá yìí. Ọmọ Bìní gidi ni, ilé wọn wà ní Ogbe, ẹ̀gbẹ́ ààfin. Ó ga, ó gbẹ, kì í ṣí fìlà lórí, kì í sì í rẹ́rìn-ín láàárọ̀. Ọjọ́ tí mo dé, ó wò mí láti òkè délẹ̀.

Ó ní, "Married woman. You get pikin for house. You fit stand from morning reach evening?"

Mo fi Pidgin tí kò tíì yọ̀ lẹ́nu mi dáhùn, mo ní, "Oga, person wey don born pikin don stand pass that one."

Ó ṣe bí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Ó na ìgbálẹ̀ sí mi. Ìgbálẹ̀ yẹn ni mo dì mú fún ìgbà pípẹ́ kó tó gbà kí n fọwọ́ kan rọ́bà. Bí mo bá gbálẹ̀ tán, á kúnlẹ̀, á fi ìka gbá abẹ́ tábìlì, á wo ìka náà, á tún na ìgbálẹ̀ sí mi. Tí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ eèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Mo gbálẹ̀.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò mọ̀, wọ́n máa ń kọ igi rọ́bà lára ni, oje funfun bíi wàrà á sì máa kán sínú ife. Oje yẹn kì í pẹ́ dì. Nítorí náà àwọn tó ń kó o bọ̀ láti oko á ti da amóníà sí i kó má baà dì lọ́nà. Amóníà lomi tí òórùn rẹ̀ ń ta ojú, tó ń gba imú ẹni lọ sí àtàrí. Ní gbogbo ilé iṣẹ́ rọ́bà tó wà ní Bìní, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ amóníà, bí ẹni tó ń jẹ ọbẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ iyọ̀ tí iyọ̀ bá ti wà níbẹ̀. Ẹ fi amóníà yìí sọ́kàn, a ó padà bá a.

Tí oje bá dé ọ̀dọ̀ wa, a ó da ásíìdì díẹ̀ sí i kó lè dì, a ó tẹ̀ ẹ́ ní pẹlẹbẹ láàárín irin méjì tí à ń fi ọwọ́ yí, a ó sì sá a. Iṣẹ́ tèmi ni kí n gé díẹ̀ níbẹ̀, kí n fà á, kí n sọ bóyá ó lágbára. Kò sí ẹ̀rọ kan tó ń bá wa wọ̀n ọ́n. Bàbá á ní, "Close your eye. Make your hand talk." Mo di ojú títí ọwọ́ mi fi ń sọ̀rọ̀. Títí di òní, ẹ fún mi ní bàtà rọ́bà nínú òkùnkùn, màá sọ fún yín bóyá ó máa pẹ́ lẹ́sẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí bàbá yẹn fi kọ́ mi jù lọ ni okùn. Lẹ́yìn yàrá àyẹ̀wò wa, ó ta okùn kan láti ara igi máńgòrò dé ara òpó, bí okùn tí a ń sá aṣọ sí. Aṣọ kọ́ la ń sá síbẹ̀. Rọ́bà yòówù tó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kan, onítọ̀hún á fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i, á fi pẹ́ẹ̀gì gbé e kọ́ sórí okùn níbi tí gbogbo ayé á ti rí i. A ò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ nù. A ò gbọ́dọ̀ fi pa mọ́ sínú àpótí. Okùn àbùkù ni mo sọ ọ́. Bàbá náà ò yọ ara rẹ̀ sílẹ̀, mo rí orúkọ tirẹ̀ níbẹ̀ rí, ó kọ ọ́ gàdàgbà.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí tèmi yẹ kó dé orí okùn, mo fi pẹlẹbẹ náà sábẹ́ ìró, mo fẹ́ gbé e sálọ. Bàbá dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò pariwo.

Ó ní, "Wetin you hide, you no fit look am again. Wetin hang for outside, sun go look am, rain go look am, person wey get sense pass you go look am. Go hang am."

Mo kọ́ ọ. Àwọn awakọ̀ ilé iṣẹ́ ń kọjá, wọ́n ń ka orúkọ mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Lọ́jọ́ yẹn, mo pe àgbà ní wèrè nínú ọkàn mi, mo sì pè é dáadáa.

Ó pẹ́ kí n tó rí i pé ẹ̀rù ò bà mí mọ́. Ẹni tí gbogbo ayé ti rí àbùkù rẹ̀ lórí okùn, kí ni ẹ tún fẹ́ fi halẹ̀ mọ́ ọn? Ojú tó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kó sá.

Bí mo ṣe dé yunifásítì rèé. Olùkọ́ kan tó ti ìlú òyìnbó dé wá sí ilé iṣẹ́ wa, ó ń wá oje rọ́bà àti ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Dókítà Adéwálé lorúkọ rẹ̀, ọmọ Èkìtì, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ara rẹ̀ kò balẹ̀ rárá. Ó ṣàlàyé ohun tó fẹ́ ṣe fún Bàbá Osagie. Ó ní rọ́bà, ọ̀rá àti ike, pólímà ni gbogbo wọn, nǹkan tí ẹ̀yà ara rẹ̀ tò tẹ̀léra bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí òwú. Ó ní àwọn kan lókè òkun ti rí irú pólímà kan tó ń gbé iná mànàmáná, ṣùgbọ́n ẹ̀tù lásán ni, kò ṣeé nà, kò ṣeé ká. Òun fẹ́ po ẹ̀tù náà mọ́ rọ́bà Bìní kó lè nà, kó lè ká, kó sì tún gbé iná. Ó ní ọjọ́ ń bọ̀ tí a máa ká rédíò bí ẹní, tí a máa kó o sábẹ́ apá.

Bàbá tẹ́tí sí i títí ó fi parí. Ó wá ní, "My son, rubber no dey carry light. Na why light people dey wear am for hand." Ó nawọ́ sí mi. "But take this woman. She stubborn. The day una rubber carry light, I go comot my cap for am."

Nígbà tí mo wí pé kì í ṣí fìlà, ẹ rò pé eré ni. Gbogbo ọdún tí mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀, mi ò rí orí bàbá yẹn rí.

Yàrá tí wọ́n fún wa ní yunifásítì kéré, ó wà ní ìkángun ilé, ó kọjú sí ọ̀nà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà lọ sí Ekosodin. Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe níbẹ̀ ni pé mo ta okùn. Dókítà bi mí pé ṣé mo fẹ́ máa fọṣọ níbi iṣẹ́ ni. Mo ṣàlàyé fún un. Ó ní, "Ìyá Fúnkẹ́, àwọn alákọ̀wé kì í ṣe báyìí o." Mo ní mo ti ṣàkíyèsí bẹ́ẹ̀, sà. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi okùn mi sílẹ̀.

Ẹ̀tù tí à ń ṣe yẹn, òróró kan la fi ń ṣe é tó ń rùn bí ẹja tó ti kú láti ọjọ́ mẹ́ta. Inú yìnyín la ti ń pò ó, ọwọ́ àwọn ìyá tó ń ta ẹja tútù la sì ti ń ra yìnyín, ìyẹn náà tún ń rùn ẹja. Ẹ ò lè ṣe ebòlò kó má rùn igbẹ́. Tí a bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀, á kọ́kọ́ dà bí omi lásán, á wá dúdú bí aró, lẹ́yìn náà àwọ̀ rẹ̀ á ṣe bí ewé, ewé tó ṣókùnkùn, tó ń dán. Àwọ̀ yẹn kì í kúrò lọ́wọ́. Gbogbo èékánná mi di ewé. Mo máa ń ká ọwọ́ mi pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, títí ọjọ́ kan tí mo ní kí ló dé tí mò ń ká ọwọ́, ṣé mo jalè ni?

Oníná kan nínú ìjọ wa rí i, ó bi mí. Mo sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di orí bẹ́ńṣì mú. Ó ní, "Mama, ìbọ̀wọ́ rọ́bà ni mo fi ń gun òpó iná. Tí rọ́bà bá bẹ̀rẹ̀ sí gbé iná, ẹ ti pa mí nìyẹn." Mo ní kó má ṣèyọnu, tí tiwa bá jáde, màá kọ ọ́ sára rẹ̀ gàdàgbà. Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn ìyá ìjọ ti ń pè mí ní Ìyá Oníná. Mo jẹ́ ẹ.

Irinṣẹ́ náà ń yí padà lójú mi. Ní ilé iṣẹ́, ọwọ́ ló ń wọn nǹkan. Ní yunifásítì, wọ́n gbé mítà alábẹ́rẹ́ fún mi. Tí iná bá ń kọjá, abẹ́rẹ́ á mira. Lẹ́yìn náà Dókítà ra èyí tó ń kọ nọ́ńbà sójú. Ó yá, ó dán, ṣùgbọ́n tí iná bá kéré, nọ́ńbà náà á kàn máa jó kiri, ẹ ò ní mọ èyí tí ẹ máa gbà gbọ́. Mo tọ́jú alábẹ́rẹ́ mi. Ẹ kọ́ tuntun, ẹ má sọ àtijọ́ nù. Àwọn oníná ìjọba kì í sábà fún wa níná, nítorí náà bátìrì mọ́tò la fi ń ṣiṣẹ́. Friday, awakọ̀ ẹ̀ka wa, ló ń bá wa tọ́jú wọn lábẹ́ etí òrùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn mi, ibẹ̀ náà ló ti ń bu omi ásíìdì sí wọn.

Ẹ̀tù náà gbé iná. Tí a bá fi irin tẹ̀ ẹ́ kó le bí oògùn oníhóró, gílóòbù tọ́ọ̀ṣì á tàn kedere. Ó ku ká pò ó mọ́ rọ́bà.

Àsìkò yẹn ni owó epo ìlú wa wálẹ̀, tí ìjọba ní kí gbogbo ènìyàn di ìgbànú le. Yunifásítì yan ìgbìmọ̀ kan tó ń lọ láti yàrá dé yàrá. Yàrá tí kò bá ní nǹkan gidi tó máa fi hàn, wọ́n á tì í. Tí wọ́n bá ti tiwa, iṣẹ́ parí nìyẹn. Dókítà á padà sí kíkọ́ni lórí pátákó, wọ́n á sì fi èmi ṣọ́ ìgò òfìfo. Mo mọ̀ pé ọjọ́ orí mi ò ní jẹ́ kí n tún rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé. Ẹ̀rù ba mí fún yàrá yẹn bí ẹ̀rù ṣe ń ba ìyá fún ọmọ tó ń ṣàìsàn.

Wọ́n ní ìparí oṣù làwọn ń bọ̀. Àárín oṣù ni wọ́n dé. Òjò ti rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, pẹlẹbẹ rọ́bà àkọ́kọ́ tí a pò mọ́ ẹ̀tù ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni. A ò tíì fi mítà kàn án. Alága wọn jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa, ọmọ Yorùbá bíi tiwa. Ó ní, "Dókítà, ẹ jẹ́ ká rí i."

Dókítà so wáyà mọ́ bátìrì, ó so ó mọ́ gílóòbù, ó fi pẹlẹbẹ náà sáàárín. Gílóòbù ò tàn. Ó yí i padà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mo gbé mítà alábẹ́rẹ́ mi wá, abẹ́rẹ́ sùn fọnfọn. Òógùn ń ṣàn lójú Dókítà.

Alága mú rọ́bà náà, ó ká a, ó tú u, ó fi gba àtẹ́lẹwọ́. Ó ní, "Rọ́bà yìí dára o. Ẹ fi gé sálúbàtà." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn á padà wá kí sáà tó parí, tí ó bá tún jẹ́ sálúbàtà làwọn bá, àwọn á ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Dókítà ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó fẹ́ sọ pẹlẹbẹ náà sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo kọ orúkọ rẹ̀, mo kọ orúkọ tèmi sí i.

Ó ní, "Ìyá Fúnkẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ojú tó tì mí yìí ò tó ni? Gbogbo yunifásítì ló ń gba ibí kọjá."

Mo ní, "Wọ́n ti rẹ́rìn-ín tán, sà. Kí ló kù tí wọ́n á tún ṣe? Inú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹnikẹ́ni ò ní rí i. Ẹ̀yin náà ò ní rí i mọ́."

Ó bínú, ó fi mí sílẹ̀ níbẹ̀. Mo jáde, mo gbé e kọ́. Inú mi ò dùn o, ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń lọ sí Ekosodin dúró, ó ní, "Mama, how much be slippers?" Mo ní, "Your size never come out." Ó ń rẹ́rìn-ín lọ. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ara mi sì balẹ̀ díẹ̀.

Rọ́bà náà wà lórí okùn. Oòrùn wò ó, òjò wò ó. Àárọ̀ ọjọ́ kan mo dé, mo rí i pé àmì ti wà lára rẹ̀ káàkiri. Pẹlẹbẹ náà dúdú bí aró, ṣùgbọ́n àwọn àmì yẹn ṣe bí ewé. Mo pe Friday.

Ó dé, ó ń nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. "Mummy, abeg, no vex. Na acid I dey pour for battery, e splash. I for clean am, but I fear say I go spoil am more."

"Ìgbà wo?"

"Yesterday, Mummy. I swear."

Mi ò bínú. Mi ò tilẹ̀ gbọ́ ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo sá wọlé lọ gbé mítà alábẹ́rẹ́. Mo fi wáyà méjèèjì kan ibi tó dúdú, abẹ́rẹ́ ò mira. Mo fi kan ibi tó ṣe bí ewé. Abẹ́rẹ́ fò.

Kíláàsì ni mo ti lọ pe Dókítà jáde, níwájú akẹ́kọ̀ọ́ tó kún yàrá. Nígbà tó rí i, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò funfun tó wọ̀.

Ó ní, "Amóníà. Ìyá Fúnkẹ́, amóníà ni. Àwa la fọwọ́ ara wa pa á."

Ó wá ṣàlàyé fún mi. Ásíìdì ló ń fún ẹ̀tù náà lágbára láti gbé iná, ìyẹn ló sì ń mú un ṣe bí ewé. Amóníà ni ọ̀tá ásíìdì. Gbogbo oje rọ́bà tí à ń gbà láti oko ti mu amóníà yó, bí a ṣe da ẹ̀tù sí i báyìí ni amóníà gba agbára lára rẹ̀, tó padà dúdú, tó sì kú. A rí i pé ó dúdú, a sì rò pé bí rọ́bà ṣe nípọn ló fà á. Ní ìlú òyìnbó tí Dókítà ti kọ́ iṣẹ́ ẹ̀tù, kò sí oje rọ́bà. Ní Bìní tí èmi ti kọ́ iṣẹ́ oje, amóníà ti di iyọ̀ ọbẹ̀, imú wa ò gbọ́ òórùn rẹ̀ mọ́. Àwa méjèèjì la jọ wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ríran.

Dókítà wo okùn, ó wo kọ́bọ́ọ̀dù tó wà nínú ilé. Ó ní, "Ká ní ibẹ̀ yẹn ni mo fi sí..."

A bu ásíìdì sí omi, a rẹ odindi pẹlẹbẹ náà sínú rẹ̀. Lójú wa báyìí, àwọ̀ aró ń kúrò, àwọ̀ ewé ń wọlé, láti etí títí dé àárín. A sá a, ó gbẹ. A so wáyà. Gílóòbù náà kọ́kọ́ pọ́n bí ẹyin iná tó ń kú lọ, ó wá mọ́lẹ̀ díẹ̀, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Friday pariwo. Dókítà gbá mi mọ́ra, ẹni tí kì í fọwọ́ kan ènìyàn. Mo sunkún, mi ò sì nu ojú mi.

Lọ́jọ́ kejì mo di rọ́bà náà sínú aṣọ, mo mú bátìrì àti gílóòbù, ó di Ogbe. Bàbá Osagie ti fẹ̀yìn tì, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Mo so ó lójú rẹ̀, iná tàn. Ó gba rọ́bà náà, ó kọ́kọ́ di ojú, ó fà á kí ọwọ́ rẹ̀ lè sọ̀rọ̀. Ó lajú, ó yọ wáyà, iná kú. Ó fi padà, iná tàn. Ó ṣe é lọ, ó ṣe é bọ̀.

Ó wá bi mí pé, "This one hang for rope?"

Mo ní, "Yes, Baba. With my name."

Bàbá yẹn gbé ọwọ́ sókè, ó ṣí fìlà. Orí rẹ̀ funfun bí òwú. Ó gbé fìlà náà sórí itan, ó sì jókòó bẹ́ẹ̀ títí mo fi dìde. Wọ́n ti fún mi ní ìwé ẹ̀rí àti ọ̀pá àṣẹ ẹgbẹ́ ìyá ìjọ rí. Kò sí èyí tó tó ìyẹn.

Ìgbìmọ̀ padà wá kí sáà tó parí. Gílóòbù tàn lójú wọn. Mo ká rọ́bà náà, ó ṣì ń tàn. Alága wo abẹ́ tábìlì bóyá wáyà wà níbẹ̀. Kò rí nǹkan kan. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́," wọ́n sì jáde.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìwé dé. Ó ní ìgbìmọ̀ ti ṣàyẹ̀wò yàrá wa, wọ́n rí i pé iṣẹ́ ibẹ̀ kò ní àǹfààní kankan fún orílẹ̀-èdè yìí. Wọ́n á ti yàrá náà, wọ́n á máa kó àga ìdánwò sí i. Alága ló fọwọ́ sí i.

Fúnkẹ́ ọmọ mi ti dàgbà nígbà náà. Ẹ mọ àwọn ọmọ tí a tọ́ dàgbà síbí, Yorùbá wọlé sí wọn létí, Pidgin ló ń bá ẹnu jáde. Ó ní, "Mummy, all that suffer, dem still lock am. Wetin you come gain?"

Mo ní, "Fúnkẹ́, àgbàrá òjò kò ní òun ò ní wólé, onílé ni kò ní gbà fún un. Wọ́n ti yàrá. Ṣé wọ́n lè ní rọ́bà ò gbé iná?" Dókítà ti kọ̀wé ránṣẹ́ sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lókè òkun, wọ́n ti ṣe tiwọn, tiwọn náà tàn. Ọjọ́ tí ẹ bá rí rédíò tó ń ká bí ẹní, ẹ rántí yàrá kan tó kọjú sí ọ̀nà Ekosodin. Mo sì sọ fún un ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ tí ìwé náà dé, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ohun tí mo ṣe yẹn ni mo máa fi parí. Dókítà ka ìwé náà, ó fi lé orí tábìlì, ó gbé orí lé ọwọ́. Mo gba ìwé náà, mo mú pẹ́ẹ̀gì méjì, mo jáde. Mo gbé e kọ́ sí àárín okùn gan-an, ojú rẹ̀ sí ọ̀nà. Mi ò kọ nǹkan kan sí i.

Olórí ẹ̀ka wa sáré dé. Ó ní, "Mama, ta ló gbé ìwé ìgbìmọ̀ síbí?"

Mo ní, "Èmi ni, sà."

"Kí ló dé?"

Mo ní, "Òfin yàrá wa ni, sà. Nǹkan tó bá bàjẹ́, orí okùn là ń gbé e kọ́ sí, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó bà á jẹ́. Èyí ò tilẹ̀ fún mi ní wàhálà ṣọ́ọ̀kì. Alága ti fi orúkọ rẹ̀ sí i fúnra rẹ̀."

Ó wò mí, ó wo ìwé náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń dúró, wọ́n ń kà á. Ó yí padà, ó bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ọjọ́ tí mo kó ẹrù mi jáde nínú yàrá náà, ìwé ọ̀hún ṣì wà lórí okùn.